Àjẹkù Ìyá Àgbà

"La ẹnu ẹ."

Jìnádù ni ẹ̀rọ ń bá wí, kì í ṣe èmi. Tó bá jẹ́ èmi ni, kò jẹ́ pàṣẹ, ẹ̀bẹ̀ ló máa bẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ fàmu kan ní gbogbo Ìbàdàn tí ò mọ̀ mí. Tí mo bá ṣì wà ní Mọ́kọ́lá, èyí tó wà ní Dùgbẹ̀ á ti máa da itọ́. Èmi Gbádégẹṣin, ẹnu mi yìí ni ìjọba fi ń wọn ẹnu àwọn ọ̀dọ́ tó kù. Lọ́dún tó kọjá, mo fa àpò oúnjẹ fàmu mọ́kànlá láì mí. Àwọn kan ń sọ pé méje ni. Ẹ má dá wọn lóhùn, ìlara ló ń dà wọ́n láàmú.

Jìnádù lanu. Iná aláwọ̀ ewé ló yẹ kó tàn. Pupa ló tàn.

"Jìnádù, ọ̀rẹ́ mi," ohùn ẹ̀rọ náà tutù bíi ti nọ́ọ̀sì tó fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sẹ́yìn, "Ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú erìgì ẹ ní eyín ẹ kan nǹkan láàárọ̀ yìí. Kí ni?"

"Kò sí o."

"Ẹ̀pà ni."

Ìlà tá a tò sí dà rú. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn mi fọwọ́ bo ojú bí ẹni tó rí ìhòòhò. Ẹnìkan pariwo, "Ó ń jẹ nǹkan! Bí ewúrẹ́!"

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni," Jìnádù ní. "Ilẹ̀ ni mo ti rí i. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí ni."

"A dúpẹ́ pé o jẹ́wọ́. Ẹnu kan, adùn kan. A ti ti ẹ̀rọ ilé yín pa fún oṣù kan. Ẹni tó kàn. Adùn tòní, adìyẹ díndín."

Oṣù kan! Ìyá Jìnádù sì lóyún sínú. Fàmu tí wọ́n bá ti ṣe fún ẹnu ẹnìkan kì í ṣí fún ẹlòmíì, kódà kó o fi òòlù lù ú. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí, òòlù ló fọ́. Torí náà kò sí ará àdúgbò tó lè bu díẹ̀ fún wọn. Omi ìjọba ni wọ́n á máa mu, omi ṣúgà lásán, títí oṣù á fi pé.

"Gbádé, wọ́n máa pa mí nílé," Jìnádù ní.

"Torí ẹ̀pà lásánlàsàn? Èmi tí mo ti jẹ odidi màlúù lójú Ẹ̀ṣọ́ ńkọ́, tí kò mọ nǹkan kan?"

"Irọ́ ńlá."

"Ó dáa, màlúù kékeré ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí padà, ó ń lọ, ó ń fi ahọ́n wá inú ẹnu ẹ̀ kiri, bóyá ẹ̀pà yẹn ṣì kù díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan.

Bí mo ṣe fẹ́ lanu tèmi báyìí ni Ẹ̀ṣọ́ mi gbọ̀n nínú erìgì, ohùn màmá mi sì gba inú egungun wọ etí mi. "Gbádé, má fa nǹkan kan. Máa bọ̀ nílé kíákíá. Ìyá àgbà ń dúró dè ẹ́."

"Ṣé wọ́n ti kú ni?"

"Orí ẹ dàrú! Òkú ló ń dúró de èèyàn? Máa bọ̀ jàre!"

Mo sáré. Tí mo bá ní mo sáré, ẹ jẹ́ kó yé yín: atẹ́gùn tá a jọ kúrò ní Dùgbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n dé Òkè Àrẹ̀mọ kó tó bá mi, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Nílé, àbúrò mi Ìbídùn jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ fàmu tó wà lára ògiri, ó ń fi ìka ka eyín ẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Eyín ẹ̀ funfun, ó tò rẹ́gírẹ́gí, kò sì tíì ṣiṣẹ́ kankan láti ọjọ́ tó ti hù.

"Ẹ̀gbọ́n, yàrá Ìyá àgbà ń rùn," ó ní.

Kì í ṣe rírùn. N ò ní orúkọ tí mo lè pè é. Mo ṣílẹ̀kùn, nǹkan kan sì gbá mi nímú bí ìgbájú: ẹran tí iná ti kàn, àlùbọ́sà, ata, nǹkan kan tó tutù, nǹkan kan tó gbóná. Èmi tí mo ti fa adùn ṣàwámà tó máa kún odò Ògùnpa, tí mo lè dijú kí n mọ̀ ọ́n láàárín adùn igba, mo wo abọ́ tó wà lórí ẹsẹ̀ Ìyá àgbà, n ò mọ̀ ọ́n.

"Gbádé, ọ̀rẹ́ mi," Ẹ̀ṣọ́ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "oúnjẹ eyín wà nítòsí ẹ. Jọ̀ọ́, pa ẹnu ẹ dé."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Àjàní, ọkọ mi. Ìwọ nìyẹn àbí òjò ló ń bọ̀? Wá jókòó síbí." Ìyá àgbà fọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì. Ojú ẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, àwọn dókítà ní àwọn máa fi ojú ẹ̀rọ sí i, ó ní kí wọ́n lọ fi síwájú orí ìyá wọn. Etí ló fi ń ríran. Ó mọ ẹni tó ń bọ̀ láti ìró bàtà, ó sì mọ ẹni tó ń parọ́ láti bó ṣe ń mí. "Ilé Eléyín ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn ẹ̀ lẹ́yìn wa lónìí. Àwa arúgbó ń sunkún bí ọmọ ilé ìwé."

Jẹ́ríkọ̀ ni Ilé Eléyín wà. Ibẹ̀ nìkan ṣoṣo ni wọ́n ti ń se nǹkan tí wọ́n ń jẹ, ẹni tí ò bá sì tíì pé àádọ́rin ọdún ò gbọdọ̀ kọjá lójúde ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin tuntun, ó ti parí. Lọ́la láàárọ̀, wọ́n á fi Ẹ̀ṣọ́ sí erìgì Ìyá àgbà náà, òun náà á máa fa fàmu bíi tiwa.

"Ṣàwámà lèyí," ó ní, ó ń tọ́ka sí abọ́. "Ojúlówó. Wò ó dáadáa, o ò tún ní rí i mọ́."

Màmá mi wà nídìí fèrèsé, ó kẹ́yìn sí wa. "Màmá, ẹ jẹ ẹ́ kó má baà tutù."

"Mo ti jẹ ìlàjì. Ṣé o mọ̀, Àjàní, nígbà tí mo wà bíi tìẹ, tí wọ́n ń pè mí ní Sími, àwa mẹ́rin la máa ń jọ jẹ ẹyọ kan yìí. Èmi, Ẹniọlá, Mùínátù, àti ọmọbìnrin kan báyìí tó ní ọ̀fun bíi ti ejò. Tó bá gé e lẹ́ẹ̀kan, ìlàjì ti lọ! A máa jà. A máa lu ara wa nínú ilé oúnjẹ yẹn. Àwọn òbí wa á máa bú wa pé a ò jẹ oúnjẹ ilé mọ́, oúnjẹ ojú ọ̀nà ló máa pa wá."

"Oúnjẹ ojú ọ̀nà ọ̀hún ló sì pa àwọn kan," màmá mi ní. "Ìdí tí wọ́n fi ṣòfin nìyẹn."

"Òfin wo? Òfin ló kọ́kọ́ dé ni? Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò lè jáde lọ jẹun mọ́. Ẹ á tẹ fóònù, ọmọkùnrin kan á gun ọ̀kadà wá, á gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kálukú á gbé tiẹ̀ wọ yàrá. Mo bí ọmọ mẹ́ta, n ò mọ ohun tí ìkankan nínú wọn ń jẹ. Ẹ ti ìlẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Màmá."

"Nígbà tí wọ́n gbé Ẹ̀ṣọ́ dé ńkọ́, ta ló tò sórí ìlà? Ìjọba ló fipá fi sí yín lẹ́nu?"

Màmá mi yíjú sí wa. Ó wá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. "Ó ń tàn bíi wúrà," ó ní. "Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló ń fẹ́ ẹ. Tó o bá rẹ́rìn-ín, àwọn ọkùnrin á rí i."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí. Ó nawọ́ abọ́ sí mi.

"Àjàní, àjẹkù mi rèé. Ìwọ ni àkọ́bí àkọ́bí mi. Ìyá ìyá mi ló bu tiẹ̀ fún mi, ẹ̀wà àti búrẹ́dì, mo sì ń yínmú, torí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí nílé ṣàwámà. Ó ní, 'Sími, gbogbo ire tí ọwọ́ mi kàn láyé, mo ti ta á sínú oúnjẹ yìí bí epo. Gbé e mì.' Mo jẹ ẹ́. Mo sì rí ire náà. Ẹni tí ò bá jẹ àjẹkù àgbà, kí ló fẹ́ jogún? Àga? Gbà."

Mo gba abọ́. Ọwọ́ mi yìí tó lè gbé ọkọ̀ àjàgbé, ìlàjì ṣàwámà wúwo jù fún un.

"Ẹ jẹ́ n fọwọ́, mà," mo ní.

Màmá mi tẹ̀ lé mi jáde bí ọlọ́pàá. Ó fà mí lápá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fàmu, níbi tí Ìbídùn wà. "O ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. O gbọ́?"

"Ẹ̀yin ẹ sọ fún wọn nígbà náà."

"Kí èmi sọ fún ìyá tó bí mi pé kí ọmọ mi má jẹ àjẹkù ẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí n ya wèrè ni? Wo Ìbídùn. Ṣé o rántí ilé Bàbá Mùfú?"

Mo rántí. Ọmọ wọn kan ló gé ìrèké jẹ, wọ́n ti ẹ̀rọ ilé náà pa. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i, èyí tó kéré jù nínú wọn ò lè dìde rìn mọ́. N ò bù mọ́ èyí o. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe fi aṣọ gbé e lọ ọsibítù.

"Màmá, tí mo bá kọ̀, ṣé Ìyá àgbà á ṣépè fún mi ni?"

"Ì bá sàn tí wọ́n bá ṣépè. Wọn ò ní sọ nǹkan kan." Ó nu ojú ẹ̀. "Lọ dọ́gbọ́n sí i. Ṣebí ìwọ lo ń sọ kiri àdúgbò pé o ti jẹ màlúù? Ìyá àgbà ò ríran. Ṣe bí ẹni tó ń jẹ ẹ́."

Ẹ wò ó, tó bá di ká dọ́gbọ́n, Ọlọ́run dá mi tán ló wá sinmi. Mo ti tan olùkọ́ ẹ̀rọ jẹ, mo ti fi ẹnu ológbò gba fàmu. Ta ni arúgbó kan? Mo wọlé padà, mo jókòó ti Ìyá àgbà, mo ya ṣàwámà náà díẹ̀, mo jẹ́ kí bébà tí wọ́n fi wé e dún dáadáa kó lè gbọ́. Èyí tí mo yà, mo rọra kì í sínú àpò ṣòkòtò mi. Ọ̀rá ẹ̀ gbóná mọ́ mi nítan.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo ṣù ètè jọ, mo fà á, mo fà á gan-an, bí ẹni tó ń fa fàmu tó le jù láyé. *Fiiin. Fiiin.* Mo gbé itọ́ mì gbìì. Mo ní "háà, ó dùn!" Mo tún fà.

Ìyá àgbà gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń jẹun ni, mà. Ó dùn kọjá bẹ́ẹ̀. Ahọ́n mi ti fẹ́ sá lọ."

"Àjàní, kí lò ń fà?"

"Ẹran ni, mà."

Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, torí n ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Kò sí ibi tí mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, bí gbogbo èèyàn tí mo mọ̀ ṣe ń jẹun ni mo ṣe yẹn. Ṣé jíjẹ ní ìró míì ni?

"Ẹran kì í dún báyẹn," ó ní, ẹ̀rín ti tán lójú ẹ̀. "Ọmọ mi, ẹran ò ní ihò tí wọ́n ń gbà fà á. Gé e jẹ. Jẹ́ kí n gbọ́ eyín ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mi ò bẹ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ."

Mo mú èyí tó kù nínú abọ́. Mo gbé e sókè. Òórùn yẹn tún gbá mi, ẹnu mi sì ṣe nǹkan kan tí kò ṣe rí: omi ṣàdédé kún un, eyín ọwọ́ ẹ̀yìn ń yún mi, wọ́n ń yún mi bí ẹsẹ̀ tó fẹ́ jó. Mo fi kan ètè.

"Gbádé, ọ̀rẹ́ mi," Ẹ̀ṣọ́ ní, "nǹkan kan ti kan ètè ẹ. Kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀. Gbé e kúrò. Èèyàn mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀rọ yín láti ọ̀la lọ."

Mẹ́rin. Ó ti ka Ìyá àgbà mọ́ wa.

Màmá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara ẹ̀ mú, bí ẹni pé òun ló fẹ́ gé e. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀rọ ara ògiri dún kíń, fàmu Ìbídùn já bọ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń fà á. Ó ń fà á tìdùnnútìdùnnú, ó ń kọrin sínú ẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Mo gbé ṣàwámà náà padà sínú abọ́.

Mo rò pé mo rọra gbé e. Ìyá àgbà gbọ́ ọ.

"Ṣé ebi ò pa ẹ́ ni?" ó bi mí. Kò bínú. Ó ń fún mi láyè kí n rí nǹkan sọ.

Mo lanu kí n parọ́. Èmi tí irọ́ máa ń tò lẹ́nu mi bí èrò ọjà, ẹyọ kan ò jáde. "Ìyá àgbà, wọ́n máa ti ẹ̀rọ pa. Ìbídùn..."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Afọ́jú ni mí, Àjàní, n kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n wò ó bóyá ọmọ kan ṣì wà láyé tó máa ya wèrè fún mi." Ó na ọwọ́. "Gbé e wá."

"Màmá, ẹ máà bínú," màmá mi ní látẹnu ọ̀nà. Ó ti kúnlẹ̀.

"Inú ta ló ń bí?"

Ìyá àgbà gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Ó mú ìyókù ṣàwámà náà, ó gé e. Mo wá gbọ́ ọ. Kò jọ fífà rárá. Ó dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó lọ, ó bọ̀, bí ẹni tó ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Kò kánjú. Ó ń jẹ ẹ́ bí iṣẹ́, àgbọ̀n ẹ̀ ń yí, ojú ẹ̀ tí kò ríran dojú kọ ibi tí mo wà. Ó jẹ ẹ́ títí tó fi kan ìdí bébà. Ó ní, "Èyí tó wà lápò ẹ ńkọ́?" Mo yọ ọ́ fún un, òwú ṣòkòtò wà lára ẹ̀. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lá ìka ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Màmá mi ń sunkún. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàdúrà fún un náà. Ẹ fẹnu lásán ṣe é. Ọmọ yín ni."

"Àdúrà wà nínú ẹran yẹn," Ìyá àgbà ní. "Mo ti gbé e mì."

Ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di abọ́ mú, ó fi èkejì wá ògiri. Mo fò dìde, mo ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, mà," mo sì di etí abọ́ náà mú. Kò fi í sílẹ̀. A jọ dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, èmi àti òun, bí ọmọdé méjì tó ń jà sí nǹkan ìṣeré.

"Fi í sílẹ̀, Gbádé." Kò pè mí ní Àjàní. "Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ló máa ru igbá ẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́ tán. Jẹ́ kí n rù ú."

Mo fi í sílẹ̀.

Ó kọjá lára màmá mi tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ̀ lé ògiri lọ sọ́nà ibi omi. Ìbídùn kí i, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá àgbà," òun náà sì dá a lóhùn.

"Gbádé, ọ̀rẹ́ mi," Ẹ̀ṣọ́ ní, "ẹnu ẹ mọ́. O ṣé gan-an."

Abọ́ kékeré ni. Kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìró omi tó fi ń fọ̀ ọ́.